Debugger inú bráwúsà àbí ti tẹ́míínà: èwo ni kẹ́ ẹ so mọ́ server tẹ́ ẹ fi ń kọ́ iṣẹ́?

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló ní kí n bá òun ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì kékeré kan, káwọn oníbàárà òun tó wà l'Ékòó àti n'Íbàdàn lè máa rí aṣọ tó wà nílẹ̀ kí wọ́n sì máa bèèrè fún un láìjẹ́ pé fóònù òun ń dún látàárọ̀ dalẹ́. Flask, framework Python kan (àkójọ kóòdù tá a fi ń kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì), ni mo fi kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí màmá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù pé àwọn fúnra àwọn fẹ́ fi ọjà àkọ́kọ́ sórí ẹ̀, wọ́n kọ "àdìrẹ ẹlẹ́kọ" síbi orúkọ, wọ́n tẹ 4,500 síbi iye, pẹ̀lú kọ́mà láàrin bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn, wọ́n tẹ bọ́tìnì, ni gbogbo ojú bráwúsà bá kún fún àṣìṣe. ValueError. Màmá wò mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo bà á jẹ́ ni?" Mo ní rárá mà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan.

Mo gbé máọ̀sì sórí ìlà tó jẹ́ ti kóòdù tèmi nínú gbogbo ìlà tó tò síbẹ̀, àmì kékeré kan yọ lápá ọ̀tún, mo tẹ̀ ẹ́, ó bèèrè PIN, mo wo tẹ́míínà mo kọ PIN tí mo rí níbẹ̀ sí i, ni àyè tí mo ti lè tẹ Python bá ṣí sílẹ̀ lábẹ́ ìlà yẹn gan-an. Debugger inú bráwúsà nìyẹn, irinṣẹ́ tá a fi ń wá ibi tí kóòdù ti ṣì. Mo tẹ `iye`, ó dá mi lóhùn: `'4,500'`. Mo tẹ `int(iye.replace(',', ''))`, ó ní 4500. Mo ti mọ ohun tí mo máa kọ sínú fáìlì nìyẹn. Kí màmá tó tún gèlè wọn wé tán, aṣọ ti wọlé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n pè mí. Oníbàárà kan ra yáàdì mẹ́wàá, wọn ò yọ nǹkan kan fún un, bẹ́ẹ̀ àdéhùn wa ni pé láti yáàdì mẹ́wàá lọ sókè, 500 náírà ló máa kúrò lórí yáàdì kọ̀ọ̀kan. Mo ṣí i, kò sí àṣìṣe kankan, ojú ewé mọ́ rekete, àpapọ̀ owó tó wà níbẹ̀ ni ò tọ̀nà. Debugger inú bráwúsà tí mo ń yìn lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ò lè ràn mí lọ́wọ́ torí pé nǹkan kan ò ṣubú. `breakpoint()`, àṣẹ tó ń dá kóòdù dúró sí ìlà tá a bá fi sí, ni mo fi sínú kóòdù, mo ń tẹ̀ lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo wá rí i pé `> 10` ni mo kọ níbi tó yẹ kí n kọ `>= 10`.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn méjèèjì ni pé àwọn èèyàn máa ń bi mí pé debugger wo ló dáa jù, bíi pé ọ̀kan ṣoṣo ló wà tó máa ṣe gbogbo ẹ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n pé irú àṣìṣe wo ló ń bá wọn jà, ṣé èyí tó ń pariwo ni àbí èyí tó dákẹ́. Torí nǹkan tí mo fẹ́ fi wéra níbí yìí, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti pín yà: àwọn kan máa ń dé lẹ́yìn tí kóòdù ti ṣubú, àwọn kan máa ń dá kóòdù dúró kó tó ṣubú.

Bí ti inú bráwúsà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká yé eléyìí dáadáa torí ó máa ń ṣókùnkùn sáwọn èèyàn. Nígbà tí Python bá kọsẹ̀, kò ju gbogbo nǹkan dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń tọ́jú ipa ọ̀nà tó gbà débi tó ti ṣubú, gbogbo function tó wà lójú ọ̀nà yẹn ló ní férémù tiẹ̀, inú férémù yẹn sì ni àwọn variable wà pẹ̀lú ohun tí wọ́n dì mú ní ìṣẹ́jú tí nǹkan bàjẹ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Request yẹn, ìyẹn ohun tí bráwúsà ní kí server ṣe, ti kú, ẹ ò lè sọ pé kó máa bá ìrìn lọ, àmọ́ ohun tó gbé lọ́wọ́ ṣì wà níbẹ̀ pérépéré.

Debugger Werkzeug, èyí tó wà lábẹ́ Flask, kàn wé ara ẹ̀ mọ́ gbogbo app yín bí ìgbà tí èèyàn fi aṣọ bo igbá. Tí app bá ju àṣìṣe jáde, òun ló máa gbá a mú, ó máa tọ́jú àwọn férémù yẹn sínú mẹ́mọ́rì, ó wá ya ojú ewé HTML tẹ́ ẹ rí yẹn. Gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀, request tuntun ni, ó máa gbé nọ́ńbà férémù dání pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan tí server ṣẹ̀dá nígbà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa lọ ṣe kóòdù yẹn nínú férémù náà, wọ́n á dá èsì padà.

Ibi tí oore àti àléébù ẹ̀ ti wá nìyẹn. Mẹ́mọ́rì ló wà, torí náà bẹ́ ẹ bá ti tọ́jú fáìlì pẹ́rẹ́n tí server sì tún ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti lọ. Tí iná bá lọ tí bátìrì láptọ́ọ̀pù ò sì dáa, ó ti lọ. Bákan náà tẹ́ ẹ bá gbé app sórí gunicorn, server tó lè ní worker mẹ́ta mẹ́rin (ẹ̀dà app tó ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀), kò ní ṣiṣẹ́, torí inú worker kan ni férémù wà, ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ worker míì tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Server kan, process kan, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo yín fi sọ́kàn. Kóòdù tẹ́ ẹ tẹ̀ síbẹ̀, kóòdù gidi ni. Tẹ́ ẹ bá kọ `db.session.commit()` nínú ẹ̀, database yín máa yí padà lóòótọ́.

Flask

Flask ló rọrùn jù nínú gbogbo wọn, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí i, ó ti bá a wá. Werkzeug àti Flask, Armin Ronacher ọmọ ilẹ̀ Austria ló bẹ̀rẹ̀ méjèèjì, Flask jáde lọ́dún 2010, Werkzeug sì túmọ̀ sí irinṣẹ́ lédè Jámánì. Ẹ kàn tẹ `flask --app app run --debug`, ó tán. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ lọ kọ `FLASK_ENV=development`, ó ti di ti àtijọ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní Flask 2.3, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lórí ẹ̀, mo ti rí ẹni tó jókòó lé e fún odindi àárọ̀ kan.

Nínú àyè tẹ́ ẹ ti ń tẹ kóòdù yẹn, ẹ gbìyànjú `dump()`. Ó máa kó gbogbo variable tó wà nínú férémù yẹn síta fún yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní máa tẹ orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá kọ `dump(nǹkan kan)`, á tú nǹkan yẹn wò fún yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti ń lo Flask tipẹ́ ni ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ tún gbìyànjú `/console` lẹ́yìn àdírẹ́sì server yín, Python ṣíṣí sílẹ̀ ni, láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ PIN: dígíìtì mẹ́sàn-án ni, inú tẹ́míínà ló máa ń hàn sí. Tẹ́ ẹ bá fi sí i lẹ́ẹ̀kan, bráwúsà yẹn máa rántí yín fún ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá ṣì í tẹ̀ tó lé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ó máa ti ìlẹ̀kùn, àfi kẹ́ ẹ tún server bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí i pé kì í sábà yí padà lórí kọ̀ǹpútà kan náà, torí pé orúkọ tẹ́ ẹ fi wọ kọ̀ǹpútà, ibi tí fáìlì wà àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ `WERKZEUG_DEBUG_PIN=off` kó má baà máa dà wọ́n láàmú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo máa padà sórí ẹ̀.

Django

Django ti pẹ́ ju Flask lọ, ọdún 2005 ló jáde sí gbangba, ó dẹ̀ ní ojú ewé àṣìṣe tiẹ̀, èyí tó ní yẹ́lò lókè yẹn, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ó dáa, mi ò ní purọ́. Ó máa fi variable hàn yín, ó máa fi settings hàn yín, àní ó máa ń fi ìràwọ̀ bo èyíkéyìí tí orúkọ ẹ̀ bá ní SECRET tàbí PASS tàbí TOKEN nínú. Àmọ́ ẹ̀ ń wò ó ni o, ẹ ò lè bá a sọ̀rọ̀. Ká ní orí ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ́mà màmá ti ṣẹlẹ̀, mi ò bá rí `'4,500'` níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò bá má lè dán `replace` wò níbẹ̀. Àfi kí n lọ ṣí `manage.py shell`, kí n tún gbogbo ẹ̀ tò látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ni `runserver_plus`. Ẹ máa tẹ `pip install django-extensions Werkzeug`, ẹ fi `'django_extensions'` sínú `INSTALLED_APPS`, lẹ́yìn náà dípò `runserver` ẹ tẹ `python manage.py runserver_plus`. Debugger Werkzeug kan náà nìyẹn, PIN kan náà, `dump()` kan náà, lórí Django.

Ẹnì kan bi mí pé ṣebí èèyàn lè kàn wé Werkzeug mọ́ app Django fúnra ẹ̀, kí ló dé tó fi nílò package míì. Ìbéèrè tó dáa ni, ìdáhùn ẹ̀ dẹ̀ máa wúlò fún yín lórí framework èyíkéyìí. Django kì í jẹ́ kí àṣìṣe jáde kúrò nínú ilé ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló ń gbá a mú, tó ń sọ ọ́ di ojú ewé yẹ́lò yẹn, lẹ́yìn náà ó dá a padà bí ìdáhùn lásán. Werkzeug tó dúró síta ò rí àṣìṣe kankan, ìdáhùn tó ní 500 lórí (nọ́ńbà tó ń sọ pé nǹkan bàjẹ́ lórí server) ló rí. Ohun tí `runserver_plus` ń ṣe ni pé ó pààrọ̀ function tó ń ya ojú ewé yẹ́lò náà, ó fi èyí tó kàn ń ju àṣìṣe náà padà síta rọ́pò ẹ̀, kí Werkzeug lè gbá a mú.

Framework tí ò ní nǹkan kan

Tó bá jẹ́ framework Python kékeré míì lẹ̀ ń lò, tàbí ẹ fúnra yín lẹ kọ ọ́, ìlà méjì ni:

`from werkzeug.debug import DebuggedApplication`
`app = DebuggedApplication(app, evalex=True)`

`evalex` yẹn ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè tẹ kóòdù, láìsí ẹ̀ àwòkà lásán ni. Àmọ́ ohun tí mo sọ lórí Django ṣì dúró: ẹ wò ó bóyá framework yẹn máa ń gbé àṣìṣe mì. Bottle fún àpẹẹrẹ máa ń gbé e mì, àfi tẹ́ ẹ bá kọ `app.catchall = False` kẹ́ ẹ tó wé e. Ìdajì àwọn tó ní Werkzeug ò ṣiṣẹ́ fún àwọn, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá ìṣòro wọn.

FastAPI àti Starlette, framework Python méjì míì, ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. ASGI ni tiwọn, WSGI ni Werkzeug mọ̀, ọ̀nà méjì tí server gbà ń bá app Python sọ̀rọ̀ ni, ẹ ò lè fi èyí wé tọ̀hún. Wọ́n máa fi ojú ewé àṣìṣe hàn yín tẹ́ ẹ bá fi `debug=True` sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo FastAPI, ẹ fò lọ síbi tẹ́míínà àti VS Code (ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ kóòdù).

Rails

Èdè Ruby ni wọ́n fi ń kọ Rails. Mi ò kì í fi Ruby jẹun, àmọ́ mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ tó láti mọ̀ pé lórí kókó yìí, wọ́n ronú jinlẹ̀. Láti Rails 4.2, tó jáde ní December 2014, ni gem (bí wọ́n ṣe ń pe package ní Ruby) tó ń jẹ́ web-console ti máa ń bá app tuntun wá. Tí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, ó máa yọ sísàlẹ̀ ojú ewé. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ ni pé ẹ ò nílò àṣìṣe kẹ́ ẹ tó lò ó: ẹ kọ `console` sínú controller (kóòdù tó ń dáhùn request) tàbí sínú view (fáìlì tó ń ya ojú ewé), ojú ewé máa jáde bó ṣe yẹ kó jáde, console á wà nísàlẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú àwọn variable ibi tẹ́ ẹ ti pè é. Lórí Flask, ohun tó sún mọ́ ọn ni pé ká mọ̀ọ́mọ̀ kọ `assert False` síbi tá a fẹ́ wò kó lè ṣubú síbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, mo máa ń ṣe é, àmọ́ ti Rails ló mọ́ tónítóní jù.

Kì í dá kóòdù dúró ṣá o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó ń dúró, gem `debug` ló wà fún un, òun náà wà nínú Gemfile láti Rails 7. Ní ti ààbò, Rails ò lo PIN, àdírẹ́sì IP ló ń wò: àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà yín fúnra ẹ̀, bíi 127.0.0.1 àti ::1, nìkan ló gbà láyè, àfi tẹ́ ẹ bá fi míì kún un nínú `config.web_console.permissions`.

Tẹ́míínà: `breakpoint()`

Láti Python 3.7, lọ́dún 2018, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ máa kọ `import pdb; pdb.set_trace()` mọ́, `breakpoint()` ti tó. pdb ni debugger tẹ́míínà tó bá Python wá. Ẹ fi sí ìlà tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ ṣí ojú ewé yẹn nínú bráwúsà, bráwúsà á máa yí lọ yí bọ̀ bíi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, ẹ má bẹ̀rù, ẹ lọ wo tẹ́míínà, ibẹ̀ ló ti ń dúró dè yín. `n` ń lọ sí ìlà tó kàn, `s` ń wọ inú function, `p` ń fi ohun tó wà nínú variable hàn, `u` àti `d` ń gùn lọ sókè sódò láàrin àwọn férémù, `c` ń jẹ́ kó máa lọ. Lẹ́tà márùn-ún mẹ́fà yẹn ni mo fi rí `> 10` màmá.

Agbára tó ní tí ti bráwúsà ò ní ni pé request náà ṣì wà láàyè. Ẹ lè yí variable padà nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ ní kó máa lọ, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa rí. Fún àṣìṣe tó dákẹ́, ìṣirò owó, ìṣirò ọjọ́, ta ló yẹ kó rí kínni, òun ni. Kò gba dátà, kò gba RAM, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbé wálẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó dẹ̀ ní àléébù tiẹ̀. Server Flask máa ń gba request púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà tí ojú ewé kan bá pe server lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí gbogbo wọn sì kọjá síbi breakpoint, wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí tẹ́míínà kan ṣoṣo, ẹ ò ní mọ ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. `flask run --without-threads` ló máa to wọ́n sórí ìlà. Lórí FastAPI, tó bá wà nínú `async def`, gbogbo server pátá ló máa dúró títí ẹ ó fi dá a lóhùn. Èyí tó burú jù ni pé kẹ́ ẹ gbàgbé `breakpoint()` sínú kóòdù kẹ́ ẹ sì gbé e lọ síbi táwọn oníbàárà wà. Ẹ kọ `PYTHONBREAKPOINT=0` sórí server yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, á máa fo gbogbo wọn dá.

VS Code

Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ń lo VS Code tẹ́lẹ̀ tí láptọ́ọ̀pù yín sì lágbára, ohun tí tẹ́míínà ń ṣe ló ń ṣe, àmọ́ pẹ̀lú ojú tó dáa. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ìlà, àmì pupa yọ, ó máa dúró síbẹ̀, ẹ ò kọ nǹkan kan sínú kóòdù tẹ́ ẹ lè gbàgbé. Ẹ lè sọ fún un pé kó dúró nígbà tí `yaadi == 10` nìkan, èyí dùn gan-an nígbà tí request bá pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi `"jinja": true` sínú `launch.json`, ẹ lè fi àmì náà sínú template (fáìlì HTML ojú ewé) pàápàá, èyí tí kò rọrùn láti fi pdb ṣe.

Kókó kan ló máa ń da àwọn èèyàn rú: ẹ má jẹ́ kí debugger méjì máa du àṣìṣe kan. Pa ti Flask tẹ́ ẹ bá ń lo ti VS Code, `--no-debugger --no-reload` ni. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tún server bẹ̀rẹ̀ nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá yí kóòdù padà.

Ó ń jẹ RAM, kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ ọ́. Lórí láptọ́ọ̀pù 4GB pẹ̀lú Chrome tó ṣí, ẹ ó jókòó, ẹ ó máa wò ó.

Ẹni tí ò yẹ kó rí i

Mo ní mo máa padà sórí PIN. Lọ́dún 2015 àwọn kan jí wọ inú Patreon, sáìtì táwọn èèyàn fi ń fowó ran àwọn oníṣẹ́ ọnà lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ sọ pé ẹ̀dà sáìtì àwọn tí wọ́n fi ń tú àṣìṣe wò ló wà níta gbangba. Debugger Werkzeug ló ṣí sílẹ̀ lórí ẹ̀, nígbà yẹn kò sí PIN rárá. Àdírẹ́sì íméèlì tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló jáde. Lópin ọdún yẹn kan náà ni PIN wọlé ní Werkzeug 0.11. Ẹni tó bá lè tẹ Python lórí server yín, ó ti wọ ilé, ó ti wọ yàrá, ó lè ka pásíwọ́ọ̀dù database, ó lè pa fáìlì rẹ́.

Bí tiwa ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ níbí: a kì í sábà ní server ìdánwò, orí láptọ́ọ̀pù la ti ń ṣe gbogbo ẹ̀, oníbàárà wá ní òun fẹ́ rí i, a bá tẹ `--host=0.0.0.0` ká lè fi fóònù wò ó lórí hotspot, tàbí ká ṣí tunnel (ọ̀nà tí ẹni tó wà níta fi lè dé orí láptọ́ọ̀pù wa látorí íntánẹ́ẹ̀tì) ká fi línkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, `--debug` ṣì wà níbẹ̀. Èmi náà ṣe é. Mo fi línkì ránṣẹ́ sí ọmọ màmá tó wà l'Ékòó, ó tẹ nǹkan kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀, ó ya àwòrán ojú fóònù ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé, "Bùọ̀dá, kí lèyí?" Kóòdù mi ló wà níbẹ̀, ìlà lórí ìlà, títí kan ibi tí fáìlì wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Kò ní PIN, kò lè tẹ nǹkan kan, àmọ́ PIN kì í dí ojú ewé yẹn, àyè ìtẹ kóòdù nìkan ló ń dí. Àyà mi já. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ mi, mo máa pa server, mo máa tún un bẹ̀rẹ̀ láìsí `--debug`, kí n tó ṣí tunnel.

Láti Werkzeug 3.0.3, lọ́dún 2024, debugger ò ní gba kóòdù lọ́wọ́ ẹni tí kò bá gba localhost tàbí 127.0.0.1 wọlé. Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé console ò ṣiṣẹ́ lórí fóònù, kò bàjẹ́ o, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ mú?

Tó bá jẹ́ Flask pẹ̀lú ojú ewé HTML, ẹ má wá nǹkan kan kiri, ti inú bráwúsà ni, kẹ́ ẹ fi `breakpoint()` sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ tí ìṣirò bá ṣì. Tó bá jẹ́ API (ọ̀nà tí app fi ń gba dátà lọ́wọ́ server) lẹ̀ ń kọ fún app fóònù, tí dátà JSON nìkan ń lọ tó ń bọ̀, ti inú bráwúsà ò ní wúlò tó bẹ́ẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó ń rí ojú ewé yẹn, app fóònù á kàn gba HTML tí ò retí, á kú síbẹ̀. Tẹ́míínà tàbí VS Code ni kẹ́ ẹ mú. Rails, ẹ ti ní i. FastAPI, tẹ́míínà tó bá jẹ́ kóòdù kékeré, VS Code tó bá ti pọ̀ tí async sì kún inú ẹ̀.

Àbúrò mi kan tó ń kàwé ní FUNAAB wá bá mi lópin ọ̀sẹ̀, láptọ́ọ̀pù 4GB, Django, iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀ ló ń ṣe lórí ẹ̀, lórí bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àfi kí n gbé VS Code wálẹ̀, kọ̀ǹpútà mi ò dẹ̀ gbé e." Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Mo tan hotspot mi, a tẹ `pip install django-extensions Werkzeug`, kò pẹ́ tó fi wọlé, mo pa hotspot. Mo ní kó tẹ `runserver_plus`, kó lọ síbi tó máa ń bàjẹ́ yẹn. Ó bàjẹ́. Ó fi PIN sí i, ó tẹ `dump()`, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Áà, None ni àgbẹ̀ náà." Ó ń wá àgbẹ̀ tí kò tíì tọ́jú sínú database. Mo fi sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ bu ọ̀gì mi mu.